Ohun Tí Ojú Ọ̀run Ń Béèrè Lóru Ọyẹ́

Ẹ ti igi yẹn sínú iná díẹ̀ sí i, kí ẹ sì sún mọ́ mi. Ọyẹ́ ọdún yìí kò mojú àgbà. Ẹ má wulẹ̀ retí Ìjàpá lálẹ́ òní, nítorí kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ, ó sì wà lókè orí yín níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí ọrùn kò bá ro, kó gbójú sókè kó wò ó fúnra rẹ̀, kó má baà sọ lọ́la pé bàbá àgbà ń purọ́. Eruku ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run láti ọjọ́ mélòó kan ti là, ọlá yín sì ni.

Ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Ẹ wo ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn, tí àyè tó wà láàárín wọn dọ́gba. Ẹ ti rí i? Mo mọ̀ pé ẹ ó rí i. Nínú gbogbo ìràwọ̀ ojú ọ̀run, n kò mọ mẹ́ta mìíràn tó mọ́lẹ̀ tó báyìí tí wọ́n sì tò gbọọrọ báyìí. Ẹ wá wo apá òsì wọn: ìràwọ̀ pupa kan wà níbẹ̀, bí ẹ̀yinná. Òun ni Betelgeuse. Ẹ wo apá ọ̀tún: òmíràn wà tó funfun, tó fẹ́ ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Rigel nìyẹn. Méjì mìíràn tún wà tó bá wọn yí mẹ́ta àárín ká. Gbogbo wọn papọ̀ ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pè ní Orion. Wọ́n ní ọdẹ ni, òmìrán ọdẹ. Mẹ́ta àárín ni ìgbànú rẹ̀, pupa yẹn ni èjìká rẹ̀, funfun yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìwọ tí o ti Lọ́ńdọ̀nù wá bá wa ṣọdún, kí lò ń wí lábẹ́ ẹnu? O ní ọdẹ tí tíṣà yín fi hàn yín lọ́hùn-ún dúró ni, èyí sì dùbúlẹ̀? O káre. Ojú rẹ ríran. Ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí agbedeméjì ọ̀run gan-an, àwa náà ò sì jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ lọ́dọ̀ wa láti ìlà-oòrùn tààrà, tí yóò gun òkè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí wa lọ́gànjọ́, tí yóò sì wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn tààrà. Bó bá ń yọ, orí rẹ̀ á wà ní àríwá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà ní gúúsù: ó dùbúlẹ̀ ni lóòótọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, apá gúúsù ló máa ń wà, á sì nàró. Ní Sydney, ní ìsàlẹ̀ Australia, ńṣe ló dorí kodò. Ọdẹ kan náà ni o.

Ẹ wá gbọ́. Bí ènìyàn bá gbé etí òkun, tí nǹkan gbọọrọ kan sì ń dìde láti inú omi lálẹ́, tí ó sùn gbalaja, kí ló máa pè é? Ní òkè pátápátá Australia, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Arnhem Land, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Yolngu. Àwọn náà ò jìnnà sí agbedeméjì ayé, bó ṣe dùbúlẹ̀ lójú wa náà ló ṣe dùbúlẹ̀ lójú wọn. Wọn ò rí ọdẹ. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n rí. Ìràwọ̀ pupa ni iwájú ọkọ̀, ìràwọ̀ funfun ni ẹ̀yìn rẹ̀, mẹ́ta àárín sì ni ọmọ ìyá mẹ́ta tó jókòó sínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ pẹja, ẹja kan ṣoṣo tó jẹ́ èèwọ̀ ìdílé wọn ló ń kó sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n mú un, wọ́n dá a padà. Wọ́n mú un, wọ́n dá a padà. Ebi wá pa ọ̀kan débi tó fi jẹ ẹ́. Oòrùn rí i, inú bí i, ó fi ìjì gbé ọkọ̀ tòun tèrò lọ sójú ọ̀run. Ẹ̀yin tí ilé yín ní èèwọ̀ ẹran, ẹ ti mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀ yìí rèé. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì, ohun tí ìwé máa ń sọ ni pé àwọn ará àtijọ́ kàn fi ojú inú ya àwòrán sójú ọ̀run, bó ṣe wù wọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀run ló ń béèrè ọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ló ń dáhùn. Ìdáhùn lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yanu. Ẹ ó rí i.

Ẹ fi ojú tọ ìlà ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn lọ sókè. Ẹ ó kan ìràwọ̀ kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Aldebaran lorúkọ rẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ ó rí ìdì ìràwọ̀ kéékèèké kan tó ṣù mọ́ra wọn. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: kí ni ẹni pupa yìí ń ṣe láàárín ọ̀nà, tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn kéékèèké, tí kò sì sí lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta?

Àwọn Khoekhoe, àwọn darandaran àtijọ́ ilẹ̀ Nàmíbíà àti Gúúsù Áfíríkà, dáhùn rẹ̀ báyìí. Wọ́n ní obìnrin ni ìdì ìràwọ̀ kéékèèké yẹn, ọmọ ọlọ́run ojú sánmà ni wọ́n, ọkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fẹ́. Ọkọ náà ni Aldebaran. Àwọn mẹ́ta tó tò sì ni síbírà mẹ́ta, ẹran igbó tó ní ilà dúdú àti funfun yẹn. Àwọn ìyàwó ní kí ọkọ àwọn lọ ta ẹran náà wá, wọ́n sì gégùn-ún fún un pé kò gbọdọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo. Ọfà kan ṣoṣo ni akọni mú dání. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Ó ta á, ó tàsé. Ọfà náà lọ balẹ̀ níwájú: àwọn ìràwọ̀ bàìbàì tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbànú Orion ni. Ó fẹ́ lọ he é, àfi bó ṣe rí kìnnìún tó lúgọ sítòsí, tí òun náà ń ṣọ́ síbírà. Ìràwọ̀ pupa tó dà bí ẹ̀yinná yẹn ni kìnnìún náà. Ọkùnrin yìí kò lè lọ he ọfà. Kò lè padà sílé. Ó jókòó sójú kan nínú òtútù, ebi àti òùngbẹ ń bá a fínra, títí di òní olónìí.

Mo ti gbọ́ ìtàn ìràwọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó lo gbogbo ohun tó wà ní agbègbè yẹn tán bí èyí. Ìràwọ̀ tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á wo ojú ọ̀run dáadáa kó tó la ẹnu rẹ̀.

Ìbéèrè kejì le ju èyí lọ, nítorí pé ó gba kí ènìyàn wo ojú ọ̀run látìgbà dé ìgbà. Ọdẹ yìí ní ọ̀tá. Àgbájọ ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé, tó ní ìrù tó ká kọ́rọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì pupa. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ẹ kò lè rí Orion àti ọkàn Àkeekèé lójú ọ̀run pọ̀ láéláé. Bí ọ̀kan bá ń yọ, èkejì ti wọ̀. Àwọn Gíríìkì ní ọdẹ yìí ṣe fọ́nńté pé kò sí ẹranko kan lórí ilẹ̀ tí òun kò lè pa. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bínú, ó rán àkeekèé sí i, àkeekèé ta á, ó kú. Ìdí nìyẹn tó fi ń sá wọlé bí àkeekèé bá ti ń yọjú.

Ẹ kúrò ní Gíríìsì, ẹ lọ sí Ṣáínà. Ọba ńlá kan wà nínú ìtàn wọn tó bí ọmọkùnrin méjì, Ebo àti Shichen. Àwọn méjèèjì ò rẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn jà, ohun ìjà ni wọ́n sì ń fi í jà. Nígbà tó sú àgbà, wọ́n fi ọ̀kan ṣe olùtọ́jú ìràwọ̀ inú Àkeekèé, wọ́n fi èkejì ṣe olùtọ́jú ìràwọ̀ inú Orion, kí ojú wọn má ṣe kan ara wọn mọ́. Ẹ ò rí i? Ọdẹ àti àkeekèé níbí, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó jí ìtàn ẹnìkejì rẹ̀ gbé. Ìbéèrè kan náà ni ojú ọ̀run bi àwọn méjèèjì: èéṣe tí àwọn wọ̀nyí kì í pàdé?

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí ó bá jẹ́ ìlú wa yìí ni wọ́n ti pa àwọn ìtàn yẹn, wọn ì bá yí i padà. Nítorí bí a ṣe sún mọ́ agbedeméjì ayé, ìgbà díẹ̀ wà ní ìdájí tí àwọn méjèèjì máa ń wà lójú ọ̀run pọ̀ lọ́dọ̀ wa, Àkeekèé ń gbérí ní ìlà-oòrùn, ọdẹ ń wọ̀ lọ ní ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n á wo ara wọn lójú láti òpin ayé dé òpin ayé. Ẹni tó bá lè jí ní aago márùn-ún, tí ọyẹ́ ò sì bo ẹsẹ̀ ọ̀run, kó lọ wò ó. Èmi ò lè jí yín o.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn kéékèèké tó ṣù mọ́ra. Pleiades ni orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n nínú ìwé, wọ́n sì wà nínú Bíbélì, nínú ìwé Jóòbù, àwọn àti Orion. Ẹ kà wọ́n fún mi. Mẹ́fà? Ìwọ ń kọ́? Mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, mẹ́fà náà ló ń kà. Àwọn Jàpáàn ń pè é ní Subaru, bí ẹ bá sì wo iwájú mọ́tò tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ìràwọ̀ mẹ́fà ni wọ́n yà síbẹ̀. Àwọn Hausa aládùúgbò wa ò yọ ara wọn lẹ́nu pẹ̀lú iye. Àgbébọ̀ àti àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ ni wọ́n pè é. Àwọn Xhosa ti Gúúsù Áfíríkà ń fi í mọ ìgbà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí tulẹ̀ oko, bó bá tún yọ ní ìdájí oṣù Òkúdù.

Ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì ní méje ni wọ́n. Ọmọbìnrin méje, ọmọ bàbá kan, Orion ọdẹ sì ń lé wọn kiri títí Zeus, ọba àwọn òrìṣà wọn, fi sọ wọ́n di ẹyẹlé, lẹ́yìn náà ó sọ wọ́n di ìràwọ̀. Èkeje dà? Wọ́n ní Merope ni, òun nìkan ló fẹ́ ọmọ ènìyàn lásán, ìtìjú ló mú kó fi ojú pamọ́. Ó dára. Ní Australia, lọ́dọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà àwọn tó ni ilẹ̀ náà, tí kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn Gíríìkì, obìnrin méje náà ni wọ́n ń wí, ọkùnrin kan ló ń lé wọn, ọ̀kan nínú wọn sì sọnù.

Irun orí ń dìde, àbí? Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì kan ní Australia, Ray Norris àti Barnaby Norris, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 2020 pé méjì nínú àwọn ìràwọ̀ yẹn ti súnra kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ títí wọ́n fi di ọ̀kan lójú wa, pé ní nǹkan bí ọdún 100,000 sẹ́yìn, àyè ṣì wà láàárín wọn, ojú lásán á sì rí méjèèje. Wọ́n wá ní ó ṣeé ṣe kí ìtàn yìí ti wà látìgbà náà, kí àwọn ènìyàn tó fi ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ tan ká ayé, kí ó sì jẹ́ pé àwa la kó o fún gbogbo ayé.

Ó dùn mọ́ mi bí orí mi ṣe wú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Síbẹ̀ n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ẹ wo ojú ọ̀run. Àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ yọ, ọdẹ ló ń tẹ̀ lé wọn, gbogbo òru ló fi ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, kò sì lè bá wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdì ohun kéékèèké tó ń dán níwájú, géńdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi gbogbo tí ọkùnrin bá ti ń lé obìnrin, ìyẹn ni pé ní gbogbo ayé, ìdáhùn yẹn lè wá sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu láìjẹ́ pé wọ́n fi rán an láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ti èkeje tó sọnù nìkan ló ṣì ń rú mi lójú.

Ẹ wá wo iná tó wà níwájú yín yìí. Òkúta mélòó ló gbé ìkòkò ìyá yín dúró? Mẹ́ta. Ààrò mẹ́ta ni, àwọn baba wa sì ti sọ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Òkè òkun kejì, ní Guatemala, àwọn Maya náà ń dáná lórí òkúta mẹ́ta. Àwọn K'iche', ẹ̀yà kan nínú wọn, gbé ojú sókè sí Orion, wọ́n mú ìràwọ̀ tó kángun sí ìsàlẹ̀ nínú ìgbànú, wọ́n mú Rigel, wọ́n mú ìràwọ̀ ẹsẹ̀ kejì tó ń jẹ́ Saiph, wọ́n ní: ààrò nìyí. Ní ibì kan tó ń jẹ́ Quiriguá, òkúta gíga kan wà tí àwọn Maya gbẹ́ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ayé sí lára, ní ọjọ́ kan tí àwọn onímọ̀ ṣírò sí ọdún 3114 ṣáájú ìbí Kristi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ni pé a gbé òkúta mẹ́ta kalẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n gbé ààrò kalẹ̀, ayé sì bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ìṣẹ̀dá tí mo mọ̀, yàtọ̀ sí tiwa, èyí ni n kò rí àléébù lára rẹ̀.

Ààrò tí kò ní iná ńkọ́? Ẹ wo àárín àwọn òkúta mẹ́ta yẹn dáadáa, ní ibi tí ọfà ọkọ aláìríṣẹ́ṣe yẹn balẹ̀ sí. Ìràwọ̀ kan wà láàárín níbẹ̀ tí kò mọ́ gaara bí àwọn yòókù, ó rí bàìbàì. Àwọn K'iche' ní èéfín ni. Wọn kò ní awò kankan lójú nígbà náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé tẹlisíkóòpù sí i, wọ́n rí i pé kì í ṣe ìràwọ̀ kan ṣoṣo, kùrukùru afẹ́fẹ́ àti eruku ni, ó fẹ̀ ju bí ẹnu ṣe lè sọ, ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ tuntun ti ń bí ara rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ń rin ìrìn ọdún tó lé ní 1,300 kó tó dé ojú wa. Ẹni tó pè é ní èéfín láti orí ẹní rẹ̀ kò jìnnà sí òótọ́ rárá.

O ní ṣé àwọn ìràwọ̀ Orion yìí sún mọ́ ara wọn lóòótọ́? Rárá o. Ojú wa ló pa wọ́n pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ a máa sáré tó kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ èjìká kejì ọdẹ yẹn máa ń lo nǹkan bí 250 ọdún lọ́nà kó tó dé ibí, ti Rigel máa ń lò ju 800 lọ. Èyí tí ẹ ń rí lára Rigel báyìí ti gbéra kí òyìnbó kankan tó fi ẹsẹ̀ kan etíkun wa. Bí a bá lè gbé yín lọ sí ibòmíràn tó jìnnà lójú ọ̀run, kò ní sí ọdẹ, kò ní sí ọkọ̀, ààrò á túká.

Pupa yẹn, Betelgeuse, ṣe ohun kan tí ẹ̀yin àgbà inú yín á rántí. Láti ìparí 2019 wọ oṣù Èrèlé 2020, ó ṣókùnkùn débi pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Àwọn kan ní ó fẹ́ bú gbàmù. Kò bú. Nǹkan ló tú jáde láti ara rẹ̀, ó di eruku, eruku náà ló bò ó lójú wa. Ó ní ọyẹ́ tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan ṣá, yóò bú. Ọjọ́ náà lè wà níwájú fún ọdún 100,000. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nítòsí Aldebaran, létí ìwo akọ màlúù tí àwọn Gíríìkì yà síbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún ọba wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìràwọ̀ àlejò kan dé. Ọjọ́ 23 ni wọ́n fi rí i ní ọ̀sán gangan.

Ajá ọdẹ ńkọ́? Ó ti yọ, ẹ wo apá ọ̀tún nísàlẹ̀, èyí tó ń ṣẹ́jú pupa, tó ń ṣẹ́jú àwọ̀ ewé, tó ń ṣẹ́jú funfun. Sirius nìyẹn, kò sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó o lóru. Àwọn Gíríìkì ní ajá ni, àwọn Ṣáínà ní ìkookò ni. Ọ̀rọ̀ ajá ojú ọ̀run kò ṣàjèjì sí wa, ṣebí àwọn kan ti pe Àgùàlà ní ajá òṣùpá nítorí pé ó ń bá a rìn. Ní Íjíbítì àtijọ́, obìnrin ni Sirius, Orion tó wà níwájú rẹ̀ sì ni ọkọ. Nǹkan bí àádọ́rin ọjọ́ ló fi ń sọnù lójú ọ̀run wọn lọ́dọọdún. Bó bá tún yọ ní ìdájí, odò Náílì ti fẹ́ kún nìyẹn, ọdún tuntun dé. Àádọ́rin ọjọ́ náà ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú ọba kí wọ́n tó sin ín.

Àwọn kan máa ń sọ ìyanu mìíràn nípa Sirius. Wọ́n ní àwọn Dogon ilẹ̀ Màlì ti mọ̀ láti ayébáyé pé ìràwọ̀ kékeré kan ń yí i po, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Òótọ́ ni pé ìràwọ̀ náà wà: ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Bessel fi ìṣirò mọ̀ ọ́n ní 1844, Alvan Graham Clark ará Amẹ́ríkà sì fojú rí i ní 1862. Ó tóbi tó ayé yìí lásán, ó sì wúwo tó oòrùn. Griaule àti Dieterlen, ará Fáransé méjì, ló kọ ọ̀rọ̀ Dogon yìí jáde ní 1950, Robert Temple sì fi ṣe ìwé ní 1976 pé àwọn àlejò láti ojú ọ̀run ló wá kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Walter van Beek gbé pẹ̀lú àwọn Dogon fún ìgbà pípẹ́, ó sì kọ ọ́ ní 1991 pé òun kò rí ẹni tó mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Mo mọ̀ pé yóò wù wá bí ọmọ Áfíríkà kó jẹ́ òótọ́. Èmi ò gbà á. Ìtàn ọkọ tó ta ọfà tàsé tó mi ní ìyanu, kò sí àlejò tó wá kọ́ àwọn Khoekhoe.

Ẹ ti ń tòògbé. Ó ku ẹyọ kan, ẹ ó sì banújẹ́ bí mo bá fi í sílẹ̀. Ẹ wo apá òsì, ní àríwá ìlà-oòrùn. Ìràwọ̀ méjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jọra tó ẹni tí ìyá kan bí. Castor àti Pollux. Ìbejì ni àwọn Gíríìkì pè wọ́n. Ọmọ ọba ayé ni Castor, ọmọ Zeus ni Pollux, inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Ogun pa Castor. Pollux kò lè kú, kò sì fẹ́ dá wà. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun pín àìkú òun pẹ̀lú ìkejì òun, ni wọ́n bá jọ ń gbé ọjọ́ kan lábẹ́ ilẹ̀, ọjọ́ kejì lọ́run. Kò sí ohun tí ẹ nílò kí n túmọ̀ fún yín níbẹ̀. Ẹ ti rí ère ìbejì nínú yàrá ìyá àgbà, ẹ ti rí bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, kí èyí tó lọ má baà pe èyí tó kù.

Ìyanu ibẹ̀ rèé. Wọ́n gbé tẹlisíkóòpù sí Castor, ó di méjì. William Herschel fi hàn ní 1803 pé àwọn méjèèjì ń yí ara wọn po. Ẹ̀kẹta tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bàìbàì. Nígbà tí wọ́n sì tú ìmọ́lẹ̀ wọn wò fínnífínní, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún jẹ́ méjì tó rọ̀ mọ́ra. Mẹ́fà ni Castor nìkan ṣoṣo. Ìbejì ọ̀nà mẹ́ta, nínú ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ ìdajì ìbejì.

Ìwọ Táíwò, ìwọ tí o ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìkejì rẹ láti àárọ̀, má tíì sùn. Nínú ìràwọ̀ méjèèjì yẹn, ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, Pollux ni. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ni Castor máa ń kọ́kọ́ yọ, tí yóò yẹ ayé wò, kí èyí tó mọ́lẹ̀ jù tó tẹ̀ lé e. Gíríìkì ò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ṣé ó tún yẹ kí n sọ fún yín èwo nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n?